Ẹyẹ pọ̀ lóko kajú: bí iye ẹyẹ ṣe ń tàn wá jẹ ní ilẹ̀ Okun

Ẹni tó bá dúró sínú oko kajú kan lágbègbè Kabba láago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ máa gbọ́ ẹyẹ dáadáa. Àdàbà ń ké, ọ̀pẹ̀ẹ̀rẹ̀ ń ṣàròyé lórí ẹ̀ka, ẹ̀gà ti sọ ọ̀pẹ tó wà lẹ́bàá oko di ọjà, ẹlúlùú ń dún láti inú ìtàkùn bí ìgbà tí wọ́n ń da omi lẹ́nu kèrègbè. Kí ẹni náà wá gun òkè lọ, kó wọ ìwọ̀nba igbó tó ṣẹ́kù lẹ́bàá odò, kó dúró síbẹ̀ fún iye wákàtí kan náà: ó ṣeé ṣe kí ẹyẹ tó máa fojú rí má tó ìdajì ti oko. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń parí ọ̀rọ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i pé oko kò lé ẹyẹ lọ?"

Ó lé wọn lọ. Àmọ́ àwọn tó lé lọ kì í ṣe àwọn tó ń pariwo létí oko, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í tètè mọ̀ pé wọn ò sí mọ́.

Ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti Ọ̀wọ́rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lokoja títí dé Yàgbà nítòsí ààlà Kwara, wà níbi tí igbó ìhà gúúsù ti ń pàdé pápá ìhà àríwá. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá lòjò ń rọ̀. Ìyókù ọdún, ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ ni. Pápá ló gba ilẹ̀ jù, àmọ́ àpáta ńláńlá yọ sókè káàkiri, igbó sì ṣù sí ẹsẹ̀ àpáta àti etí odò, torí pé omi kì í tètè gbẹ níbẹ̀. Ohun tó mú kí oríṣi ẹyẹ pọ̀ nìyẹn. Láàárín kìlómítà méjì péré, ẹ lè bá àṣá tó ń yé sí pàlàpálá òkúta, ẹ bá ẹyẹ kékeré kan tó jọ àparò tó ń sáré lórí àpáta, tó na ìrù sókè bíi ti adìẹ, ẹ bá àparò gan-an àti awó nínú pápá, kẹ́ ẹ tó wá kan àtíòro lórí igi nínú igbó.

Àwọn àgbà máa ń wí pé agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékelèké ló lẹfun. Agbe àti àlùkò, igbó tó ṣù ni ilé wọn: èso igi ni oúnjẹ wọn, orí ẹ̀ka ni wọ́n ń sáré gbà, wọn ò sì fẹ́ràn kí wọ́n fò kọjá ibi gbalasa. Lékelèké ní tirẹ̀, ẹ̀yìn màlúù ló ń tọ̀. Bí màlúù ṣe ń pọ̀ sí i tí igbó sì ń dín kù, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí ń jèrè, méjì ń pàdánù. Ọmọ iléèwé òde òní mọ lékelèké lójúkojú. Agbe àti àlùkò, inú ìwúre ló ti ń gbọ́ orúkọ wọn. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí ẹnì kan ka ẹyẹ, lékelèké kan àti àlùkò kan, ọ̀kan-ọ̀kan ni wọ́n jọ máa jẹ́ nínú ìwé.

Ibi tí ìṣirò ti ń ṣini lọ́nà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ojú. Lóko kajú tí wọ́n ti ro dáadáa, èèyàn ń rí ẹyẹ dé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà. Nínú igbó tó ṣù lẹ́sẹ̀ àpáta, tó bá ti kọjá mítà 25, ewé nìkan lẹ máa rí. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: ẹni tó ń rí mítà 100 yíká ara rẹ̀ ń ṣọ́ ilẹ̀ tó lé díẹ̀ ní hẹ́kítà mẹ́ta, ẹni tó ń rí mítà 25 kò ṣọ́ ju ìdá kan nínú márùn-ún hẹ́kítà kan lọ. Ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ni ìyàtọ̀ àárín wọn. Ẹyẹ igbó ì báà pọ̀ ju ti oko lọ, ti oko ló máa pọ̀ lójú ẹni tó ń kà á.

Èkejì le ju ìyẹn lọ. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán igbó, iye oríṣi ẹyẹ lè lọ sókè ná. Àwọn ẹyẹ oko ti dé, àwọn ẹyẹ igbó kò sì tíì tán. Àtíòro tó ti dàgbà tàbí odídẹrẹ́ lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí ihò tó máa yé sí. À ń rí i, à ń gbọ́ ohùn rẹ̀, àmọ́ kò bímọ mọ́. Ó dà bí agboolé tó jẹ́ àwọn arúgbó nìkan ló kù síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá lọ tán, ẹnikẹ́ni ò ní rántí pé igi tí wọ́n gé lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ló fà á.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́, kó yan ibi ìdúró tó fi mítà 200 jìnnà síra, ó kéré tán, kí ẹyẹ kan náà má bàa wọ ìwé lẹ́ẹ̀mejì. Kó bẹ̀rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, kó sì parí kí aago mẹ́wàá tó lù, torí ẹyẹ ti máa ń dákẹ́ bí oòrùn bá mú. Tó bá dé ibi ìdúró kan, kó ṣe sùúrù fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹyẹ tí ìrìn rẹ̀ dẹ́rù bà padà sípò. Lẹ́yìn náà, kó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ka èyí tó rí àti èyí tó gbọ́. Etí ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú igbó. Kó ya èyí tó wà láàárín mítà 50 sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó wà nítòsí nìkan ni kó sì fi wé ara wọn nígbà tó bá ń fi igbó wé oko. Kó má kà nígbà tí òjò ń rọ̀ tàbí tí atẹ́gùn ń fẹ́ kíkankíkan. Ẹni kan náà ni kó padà lọ ka ti ìgbà òjò àti ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí etí ẹnì kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti ẹlòmíì.

Ọ̀nà tó rọrùn ju èyí lọ wà, ìyẹn èyí tí Nigerian Bird Atlas Project, àwọn tó ń ṣàkọsílẹ̀ ibi tí ẹyẹ wà ní Nàìjíríà, ń lò. Wọ́n pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án. Ẹ ó wọ ọ̀kan nínú wọn, ẹ ó fi wákàtí méjì, ó kéré tán, wá gbogbo oríṣi ibi tó wà níbẹ̀ kiri, ẹ ó sì kọ orúkọ ẹyẹ bí wọ́n ṣe ń yọjú tẹ̀ léra, lórí áàpù BirdLasser tó wà lórí fóònù. Kò ní sọ iye ẹyẹ tó wà, àmọ́ ó máa fi hàn bóyá ẹyẹ kan ṣì wà níbì kan tàbí kò sí mọ́, ohun tí a sì nílò jù náà nìyẹn.

Lẹ́yìn kíkà, ẹ má kàn kọ àpapọ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ ya àwọn tó ń yé sínú ihò igi sọ́tọ̀, ẹ ya àwọn tó ń jẹ èso igi igbó sọ́tọ̀, ẹ sì ya àwọn tó ń rìn lórí ilẹ̀ inú igbó, tí wọ́n ń tú ewé gbígbẹ wá kòkòrò, sọ́tọ̀. Tí iye àpapọ̀ bá dúró sójú kan tí àwọn ẹgbẹ́ mẹ́ta yìí ń dín kù, igbó náà ń kú nìyẹn, bó ti wù kí ariwo ẹ̀gà pọ̀ tó.

Ohun tí wọ́n ti rí láwọn òkè ilẹ̀ olótùútù

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣèwádìí irú èyí nínú igbó orí òkè níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Ní Switzerland, wọ́n tọ ipasẹ̀ àkókó kan tó jẹ́ ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, tó ń jẹ kòkòrò inú igi gbígbẹ. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹyẹ yìí kì í fẹ́ dúró níbi tí igi tó ti kú àmọ́ tó ṣì wà lóòró kò bá tó nǹkan bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún igi tó wà níbẹ̀. Igbó lè tutù yọ̀yọ̀, tí wọ́n bá ti kó igi gbígbẹ rẹ̀ tán fún ìmọ́tótó, àkókó ti lọ nìyẹn.

Ti òkè Himalaya ní Éṣíà sún mọ́ tiwa jù. Àwọn ará abúlé tó wà níbẹ̀ kì í sábà gé igi óòkù (oak) lulẹ̀; ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n ń gé, lọ́dọọdún, fún igi ìdáná àti oúnjẹ ẹran. Láti ọ̀nà jíjìn, igbó ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wọlé ló máa rí i pé òkè rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, oòrùn ti dé ilẹ̀, àwọn ẹyẹ tó fẹ́ òjìji sì ti ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ẹyẹ tó fẹ́ràn ibi gbalasa.

Ọ̀rọ̀ ihò igi tún wà. Ní Amẹ́ríkà ti àríwá, àkókó ló ń gbẹ́ nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin lára ihò tí ẹyẹ ń yé sí. Àmọ́ ní Yúróòpù, Éṣíà àti Amẹ́ríkà ti gúúsù, ìjẹrà igi ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù: ẹ̀ka ńlá a ya, omi á wọlé, olú á mú un, ọdún á sì máa gorí ọdún kí ihò tó gba ẹyẹ tó wáyé. Àkókó lè gbẹ́ ihò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìjẹrà kò ní ìkánjú.

A kò lè gbé gbogbo ẹ̀kọ́ wọn wá síbí bó ṣe wà. Àpótí tí wọ́n ń so mọ́ igi lọ́hùn-ún kí ẹyẹ lè yé sínú rẹ̀, tó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún wọn, oyin àti ọ̀kẹ́rẹ́ ló máa kọ́kọ́ gbà á níbí. Igbó tiwọn ń bá òtútù jà. Tiwa ń bá iná jà. Àmọ́ okùn kan ṣì so àwọn òkè méjèèjì pọ̀. Ẹyẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Wood Warbler, tí kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù mẹ́wàá lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ jọ ewé tútù, àyà rẹ̀ pọ́n bí èso ìyeyè. Orí òkè Wales àti ti Carpathia, ní Yúróòpù, wà lára ibi tó ń yé sí, orí ilẹ̀ gan-an, lábẹ́ koríko. Tí òtútù bá ti ń bọ̀, ó ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí igbó àti etí igbó ìhà ọ̀dọ̀ wa ní Áfíríkà, ó di ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wa bá ń parí lọ kó tó padà. Ẹyẹ yìí ti dín kù gan-an nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tí àwọn ọ̀hún bá tọ́jú igbó tiwọn tán, tí igi ibi tó ń sá òtútù wá di èédú, iṣẹ́ ìdajì ni wọ́n ṣe.

Èédú

Igi tí èédú rẹ̀ ń tà jù nílẹ̀ wa ni àyìn àti emi, torí pé wọ́n le, wọn kì í tètè jó tán nínú àdògán. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á gé igi sí ìwọ̀n mítà kan sí méjì, wọ́n á tò ó jọ kí àyè má ṣí sílẹ̀ láàárín wọn, wọ́n á fi koríko tútù bò ó, wọ́n á wá fi yẹ̀pẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ojú kan ni wọ́n ń finá sí. Èéfín funfun ló máa kọ́kọ́ jáde, omi inú igi ni; lẹ́yìn náà ó á pọ́n bí ìdọ̀tí, tó bá wá di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ aró, igi ti di èédú, kí wọ́n pa gbogbo ihò dé. Bí yẹ̀pẹ̀ bá jìn níbì kan lóru tí ẹnikẹ́ni ò ṣọ́ ọ, atẹ́gùn á wọlé, eérú ni wọ́n máa bá láàárọ̀.

Irú òkìtì bẹ́ẹ̀ kì í mú ju kílò mẹ́wàá sí ogún jáde nínú ọgọ́rùn-ún kílò igi. Tí a bá mú un ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àpò tó wọn ọgbọ̀n kílò ti jẹ igba kílò igi. Igi tútù ló ń fa ìpàdánù jù: iná á máa jó igi kan láti fi gbẹ omi èkejì. Ẹni tó bá sá igi rẹ̀ fún oṣù kan, tó tò ó dáadáa, tó sì fi páìpù èéfín sí i bíi ti òkìtì Casamance tí wọ́n ń lò ní Senegal, lè rí kílò 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Igi tó máa gé fún iye àpò kan náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì.

Àmọ́ ìwọ̀n igi nìkan kọ́ ni ìṣòro ẹyẹ. Àwọn tó ń sun èédú fẹ́ràn igi tó ti gbó, tó sanra, igi gbígbẹ tó wà lóòró sì dà bí ọrẹ fún wọn, torí pé ó ti gbẹ tán. Igi tó ní ihò gan-an nìyẹn. Igi kékeré mẹ́wàá tí wọ́n fi sílẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ àgbà igi kan tí wọ́n gé.

Gẹdú náà ń kó tirẹ̀ lọ. Kósò, tí àwọn kan ń pè ní òsùn dúdú, ti di ọjà òkè òkun débi pé ìpàdé CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti igi tó wà nínú ewu kọjá ibodè, ti ọdún 2016 ní Johannesburg fi í sí àkójọ kejì, ìyẹn àkójọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ kọjá ibodè láìníwèé àṣẹ. Ìpàdé yẹn kan náà ló gbé odídẹrẹ́ lọ sí àkójọ àkọ́kọ́, tí wọn ò fi gbọ́dọ̀ ta èyí tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì mọ́. Igi àti ẹyẹ jọ wọ ìwé lọ́sẹ̀ kan náà. Lórí òkè, wọ́n ti jọ ń lọ tipẹ́.

Iná oṣù kọkànlá kì í ṣe iná oṣù kejì

Pápá wa mọ iná, kò sì sí bí a ṣe lè ní kí iná má wà rárá. Àkókò ló yàtọ̀. Iná tí wọ́n bá fi sí pápá nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí ìsàlẹ̀ koríko ṣì tutù, ń rá pálá ni, ó sì ń fo ibòmíì sílẹ̀. Ti oṣù kejì ń jó bí ẹni pé wọ́n da epo sí i. Ó á gun ẹsẹ̀ òkè, á bu etí igbó jẹ ní mítà díẹ̀, koríko á hù síbẹ̀ nígbà òjò, koríko yẹn á tún jó lọ́dún tó ń bọ̀, á sì bu díẹ̀ sí i. Igi oníhò tó wà lóòró ló ń kú jù: iná á wọ inú rẹ̀, ihò náà á fà á sókè bí ìgbà tí wọ́n fi fèrè fínná, igi á sì jó láti inú.

Ó tún ń tan ojú jẹ. Níbi tí iná ti ń jó, àwòdì àti lékelèké máa ń kóra jọ, wọ́n ń ṣọ́ tata tó ń sá jáde. Ẹni tó bá rí wọn á rò pé iná ń ṣe ẹyẹ lóore.

Àwọn olóko kajú ló yẹ kó jẹ́ ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí pé iná kan náà ló ń jó oko wọn nígbà tó ń tanná, tó ń so. Kí wọ́n ro etí oko yíká ní fífẹ̀ mítà márùn-ún láàárín ìparí oṣù kẹwàá sí ìparí oṣù kọkànlá, kó mọ́ títí dé yẹ̀pẹ̀, kí wọ́n sì gbá ewé kajú gbígbẹ kúrò nídìí igi tó wà létí. Ríro ojú ibẹ̀ lásán láìgbá ewé kò tó. Ewé kajú ń gbé iná rìn.

Rọ́bà àti igún

Wọ́n máa ń dá àwọn ọmọ tó ń fi rọ́bà ta ẹyẹ lẹ́bi ju bó ṣe yẹ lọ. Àdàbà àti ọ̀pẹ̀ẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pa jù, ẹyẹ tó ń tètè bí sí i. Igún lọ̀ràn kàn. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún ń yé lẹ́ẹ̀kan, torí náà èyí tí wọ́n pa lónìí kì í tètè rí arọ́pò. Láti 2015 ni wọ́n ti ka igún tó máa ń wá sí ọjà àti ibi ìpẹran mọ́ àwọn ẹyẹ tó wà nínú ewu tó ga jù lọ lágbàáyé. Májèlé àti orí tí wọ́n ń tà fún oògùn ni olórí okùnfà níhà ọ̀dọ̀ wa. Ní Guinea-Bissau lọ́dún 2020, ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì igún tí májèlé pa láàárín oṣù díẹ̀. Nàìjíríà ní òfin láti 1985 tó de ẹran àti ẹyẹ tó ń tán lọ, àmọ́ orí igún ṣì wà lórí àtẹ.

Ohun tó ṣeé ṣe lóko

Ẹni tó gbin kajú ní mítà mẹ́wàá sí mẹ́wàá ní igi ọgọ́rùn-ún lórí hẹ́kítà kan. Tó bá fi àgbà igi márùn-ún sílẹ̀, tí òjìji ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba àyè kajú méjì, kajú mẹ́wàá ló pàdánù. Kó kó wọn sí etí oko àti etí odò, àdánù náà á tún dín kù. Kó dá ọ̀pọ̀tọ́ àti ọdán sí, torí òrófó, àlùkò àti àtíòro ń jẹ èso wọn, àlùkò àti àtíòro sì ń gbé kóró rẹ̀ lọ sí òdìkejì òkè. Létí odò, kó fi mítà ogún sí ọgbọ̀n sílẹ̀ láìro. Igbó ìmọ̀lẹ̀, ìyẹn igbó òrìṣà, tó ṣẹ́kù láwọn ìlú kan ti dá àgbà igi sí ju ọ̀pọ̀ òfin lọ, àmọ́ wọ́n kéré, wọ́n sì dá wà. Etí odò tí wọn ò ro ló lè so wọ́n pọ̀.

Tí igi oníhò bá wà tí ẹnì kan ti pinnu láti gé, kó kọ́kọ́ jókòó sí ọ̀ọ́kán rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀. Abo àtíòro kì í yé kó máa jáde. Inú ihò ló ń wọ̀, á fi ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ ara rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà títí yóò fi ku ojú tóóró kan tí ṣóńṣó ẹnu lè gbà. Ìyẹ́ tó fi ń fò á bọ́ níbẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, akọ nìkan ló ń bọ́ òun àti ọmọ. Ẹ wo ara igi bóyá ẹrẹ̀ gbígbẹ wà lẹ́nu ihò, ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá ìgbẹ́ funfun àti kóró èso ti ṣù jọ, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ẹyẹ kan ń wá sójú kan náà léraléra pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ó ṣeé ṣe kí ìyá àti ọmọ ṣì wà nínú igi yẹn, wọn kò sì lè fò.